Irọ́ Tí Nọ́ọ̀sì Morádéyọ̀ Pa Mọ́ Ọkàn Àkíbù

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Morádéyọ̀ ránṣẹ́ pè wọ́n sí pálọ̀ rẹ̀ ní Kúdẹtì, nílùú Ìbàdàn. Kò pe wòlíì ìjọ rẹ̀, kò sì pe mọ̀lẹ́bí. Àwọn mẹ́ta péré ló fẹ́ rí: Àkíbù, Kúbúrá tó jẹ́ ìyá Àkíbù, àti Kóòṣì Gbénga tó ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìràwọ̀ Bẹ́yẹrúnká. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú bí ìrọ̀rí lórí àpótí tí wọ́n gbé e lé, oníkálukú sì ti ń ṣa ọ̀rọ̀ tí èèyàn máa ń sọ fún aláìsàn jọ sẹ́nu. Kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ má tíì kí mi. Ẹ̀ ń pè mí ní Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ̀ ń gbàdúrà fún mi lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe fún yín, kí ẹ tó mọ irú àdúrà tó tọ́ sí mi. Dókítà ti sọ pé kíndìnrín mi ò ní bá mi dé ibi tó jìnnà. Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀. Àkíbù, ìwọ ni mo ṣẹ̀. Má dá mi lóhùn títí n ó fi sọ ọ́ tán, torí bí o bá dá mi lóhùn, n ó tún dákẹ́ ni, bí mo ṣe ń dákẹ́ láti ọjọ́ yìí."

Àkíbù wo ìyá rẹ̀, ó wo Kóòṣì. Ó fi àga rẹ̀ sún mọ́ ọn díẹ̀, ó ní, "Màmá, mò ń gbọ́ yín."

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí wọ́n ní kí gbogbo ìlú kó owó àtijọ́ lọ sí báńkì, tí tuntun ò sì jáde. Morádéyọ̀ ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ìjọba nígbà náà. Ó ń tọ́jú àwọn ọmọ Ìràwọ̀ Bẹ́yẹrúnká láìgba kọ́bọ̀, nítorí pé Daniel, ọmọ ọmọ rẹ̀, wà nínú wọn. Deborah, ìyá Daniel, ni ọmọ kan ṣoṣo tí Morádéyọ̀ bí. Daniel ṣì ń rákòrò nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọwọ́ ìyá àgbà ló sì dàgbà sí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ibi tí Daniel wà ní Kúdẹtì, ibi tí Morádéyọ̀ bá ń wò ni kó wò.

Àkíbù ni ọ̀rẹ́ Daniel. Ọmọ agboolé kan ní Òkè Màpó ni, ìyá rẹ̀ sì ń ta ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà ní Ọjà'ba. Inú abọ́ kan ni àwọn ọmọ méjèèjì ti ń jẹun, orí ẹní kan náà ni wọ́n sì ń sùn ní pálọ̀ Morádéyọ̀ bí ìdánrawò bá pẹ́. Bọ́ọ̀lù Daniel dáa. Ti Àkíbù, bọ́ọ̀lù gan-an ló ń wá a kiri. Àwọn àgbà tó máa ń jókòó sẹ́yìn ìlà pápá, tí wọ́n máa ń jiyàn lórí gbogbo nǹkan, a máa dákẹ́ bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọn kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ gba ìran náà mọ́ wọn lójú.

Nígbà tí owó di àwátì, ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ rò pé àwọn ó là á já. Alága wọn, Alhaji Abdulmumin, tó ń kó táyà wọlé láti òkè òkun, ń fi owó oṣù ránṣẹ́ sí àkáǹtì àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n báńkì ò ní owó tí wọn ó kà fún wọn. Àwọn tó ń wá wòran ò ní ohun tí wọn ó san lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ni gólíkípà wọn ń fi rìn wá láti Mọ́lété, yóò sì ti rẹ̀ ẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí kanlẹ̀ ni náírà tún já láàárín ọdún, tí gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wọlé gbówó lórí. Bàtà bọ́ọ̀lù òkìrìkà tó ń gba Kùtọnu wá wọ́n ju bàtà tuntun tẹ́lẹ̀ lọ. Oògùn tí Morádéyọ̀ máa ń fín sí ojú ibi tó bá ń dun àwọn ọmọ, ó fi í sílẹ̀, ó ń lo yìnyín inú ọ̀rá. Báńdéèjì tó yẹ kó jù nù, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń sá a sórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, wọ́n lọ ń gun ọ̀kadà.

Ìrètí kan tó kù ni ilẹ̀ Potogí. Ọkùnrin kan tó ń bá àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ wá agbábọ́ọ̀lù ti wo fídíò Àkíbù àti Daniel, ó ní kí àwọn méjèèjì máa bọ̀ wá dán ẹsẹ̀ wò. Yúrò ni wọn ó fi san owó ọkọ̀ òfuurufú àti ti ìwé ìwọ̀lú. Alhaji ti tọ́jú owó náà sílẹ̀ ní náírà, ó sì tó. Kí ìwé tó jáde, náírà já, owó tó tó èèyàn méjì di owó ẹnì kan. Alhaji fúnra rẹ̀ ti wọ gbèsè lórí táyà tó ṣì wà lójú omi. Ó pe Kóòṣì Gbénga àti Morádéyọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mọ́lété, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún.

"Ọ̀kan ló lè lọ," ó ní. "Bí ti ìyẹn bá rí ṣe, á fa èkejì lọ́wọ́. Kóòṣì, ta ni?"

Kóòṣì Gbénga ò wo ojú Morádéyọ̀. "Alhaji, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àkíbù ni."

"Màmá Nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Àkíbù ni," Morádéyọ̀ náà wí. Kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Alhaji ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọkàn àwọn méjèèjì wò bí wọ́n ṣe ní kí á ṣe lọ́hùn-ún. Bí kò bá sí nǹkan kan, Àkíbù ló ń lọ."

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ni Morádéyọ̀ kó wọn lọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo àyà wọn, wọ́n ní kí wọ́n sáré lórí ẹ̀rọ mìíràn, lẹ́yìn náà dókítà pe Morádéyọ̀ nìkan wọlé nítorí òun ni nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn ni dókítà náà. Ó rẹ́rìn-ín sí i. "Màmá, kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Èyí tó ga yẹn, Àkíbù, ọkàn rẹ̀ le koko ni. Ẹ kàn sọ ẹni tó ń lọ fún mi, màá fi èsì tirẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn."

Morádéyọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Daniel ni."

Ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ báyìí, ó sì dà bí ohun tí ẹlòmíràn sọ. Ó lè tún un ṣe. Dókítà ṣì mú bírò lọ́wọ́, kò tíì kọ nǹkan. Ó dúró títí dókítà fi kọ ọ́, ó sì kí i pé ó dàbọ̀.

Àwọn ọmọ náà wà lórí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n pín wáyà fóònù kan sí etí, wọ́n ń gbọ́ orin. Àkíbù ló kọ́kọ́ dìde.

"Màmá, kí ni wọ́n wí?"

"Ti Daniel dáa." Ó wo ilẹ̀. "Tìrẹ, Àkíbù, ọkàn rẹ ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. O ò gbọdọ̀ sáré mọ́. Bí o bá ṣe agídí, o lè ṣubú lórí pápá kó má ṣeé gbé dìde."

Àkíbù rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń bá ṣeré. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lé àyà rẹ̀.

"Daniel á lè lọ, àbí?"

"Á lè lọ."

"Alihamudulilaahi," ó ní. "Ó ṣáà jẹ́ pé ọ̀kan nínú wa lọ."

Daniel ló bú sẹ́kún. Àkíbù fúnra rẹ̀ ò sunkún.

Ibí ni ọ̀rọ̀ dé ní pálọ̀ Kúdẹtì tí Kúbúrá fi dìde dúró, tí ìborùn rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ láìmọ̀. "Kí lẹ wí?" ó ní. "Màmá Nọ́ọ̀sì, kí lẹ wí yẹn?" Kóòṣì Gbénga ti fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Àkíbù nìkan ló jókòó bó ṣe jókòó. Ó ní, "Màmi, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ wọn." Kúbúrá jókòó. Morádéyọ̀ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ má bá mi sọ pé èṣù ni," ó ní. "Ẹ má sì sọ pé ìlú ló le. Náírà já lóòótọ́, ṣùgbọ́n náírà ò pa irọ́ kankan. Ẹnu mi ni. Daniel nìkan ni Deborah fi sílẹ̀ fún mi, mo sọ fún ara mi pé tirẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yọrí, pé lọ́dún tó ń bọ̀ n ó wá ọ̀nà tí n ó fi sọ pé àìsàn Àkíbù ti lọ. Ọdún tó ń bọ̀ náà dé, ó kọjá."

Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Kúbúrá ló kọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ibòmíràn kí wọ́n tún un wò. Ó wá bá Morádéyọ̀ pẹ̀lú owó àjọ rẹ̀ lábẹ́ ìró. Morádéyọ̀ ní, "Ìyá Àkíbù, ẹ ò rí i bí owó àyẹ̀wò ṣe fò sókè ni? Ẹ fi ra oúnjẹ fún un. Ohun tí mo rí ni mo sọ." Kúbúrá gbà. Ta ni yóò rò pé nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí fún ìdajì àdúgbò lè dúró níwájú òun kó máa parọ́? Lọ́jọ́ tí Daniel ń lọ, Àkíbù bá a gbé àpò dé ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò lọ sí Èkó. Bàtà tirẹ̀ ló dáa jù nínú méjèèjì. Ó bọ́ ọ fún Daniel, ó sì wọ sálúbàtà padà sí Òkè Màpó.

Irọ́ kì í dá gbé, ó máa ń bímọ. Àkíbù béèrè oògùn, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò dáa, ó yẹ kó máa lo nǹkan. Morádéyọ̀ ra fítámì, ó dà á sínú ìgò mìíràn tí kò sí ìwé lára rẹ̀, ó ní kó máa lo ọ̀kan láràárọ̀. Oògùn ọkàn gidi ti kọjá agbára mẹ̀kúnnù nígbà yẹn. Àkíbù yà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Bẹẹrẹ, ó béèrè iye rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ fún un, ó sì rọra rìn, torí kì í sáré mọ́, títí ó fi dé Kúdẹtì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójúde. "Màmá," ó ní, "ẹ̀mí lẹ̀ ń rà fún mi. Ọlọ́run á san án fún yín lára Daniel." Àwọn tó ń kọjá dúró wò ó, wọ́n ní irú èèyàn báyìí ò wọ́pọ̀ mọ́ láyé. Morádéyọ̀ ní kó dìde, ó sì fún un ní búrẹ́dì.

Torí pé wọ́n ní kó má ṣe iṣẹ́ agbára, Àkíbù wá ibi jókòó sí níwájú ilé kan ní Bẹẹrẹ, ó ń tún bàtà bọ́ọ̀lù ṣe. Iṣẹ́ náà ń lọ dáadáa, torí kò sẹ́ni tí apá rẹ̀ ká tuntun mọ́. Àwọn ọmọ tí wọn kì í lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń kó bàtà wá bá a. Á fi gọ́ọ̀mù lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, á fi abẹ́rẹ́ ńlá gún un yíká, á wá tì í bọ ọwọ́, á tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn kó lè mọ̀ bóyá yóò gba wàhálà. Wọ́n á ní, "Bọ̀ọ̀dá Àkíbù, ẹ máa bọ̀ wá wò wá." Á ní òun ń bọ̀. Kò lọ rí.

Ẹgbẹ́ tó ní kí Daniel wá kò mú un. Ẹgbẹ́ kékeré kan ní ìlú kékeré kan ló gbà á, ohun tí wọ́n sì ń san fún un ò ju ti ẹni tó ń gbálẹ̀ lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé nínú rẹ̀, tó bá ti di náírà, á wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Morádéyọ̀ fi pààrọ̀ páànù ilé, ó fi gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ. Àkíbù ló bá a dúró ti àwọn kápẹ́ńtà kí wọ́n má bàa rẹ́ ẹ jẹ. Bí náírà ṣe ń rẹlẹ̀ sí i ni ilé Morádéyọ̀ ń gbé pẹ́ẹ́lí sí i, àwọn aládùúgbò sì ń bá a yọ̀ pé ó jèrè ọmọ.

Morádéyọ̀ dánu dúró ní pálọ̀, ó béèrè omi. Àkíbù ló dìde lọ bu omi náà wá, ó sì di ife náà mú fún un títí ó fi mu ún tán. "Wọ́n ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé," Morádéyọ̀ wí. "Irọ́ ni. Èmi tí mo ṣu, mi ò gbàgbé lọ́jọ́ kan. Bí mo bá dúró síbí yìí, ẹ lè sọ pé ìfẹ́ ọmọ ló ṣe mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà sáà bímọ. Ṣùgbọ́n èyí tó kù, kò sí ìfẹ́ ọmọ kankan níbẹ̀. Ẹ̀rù ara mi ló ń bà mí. Àkíbù, ọ̀rọ̀ Qúdrát ni."

Àkíbù gbé ife náà kalẹ̀.

Qúdrát ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nílé ìwé kan ní Oníyanrìn. Bàtà àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé wá fún Àkíbù, lẹ́yìn náà ó ń gbé bàtà tí kò já wá. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, láìpariwo. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìgbéyàwó, Mutmainnah, ìyá Qúdrát, múra, ó wá sí Kúdẹtì wá bá Morádéyọ̀.

"Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ fi ọmọ tiyín rò ó," ó ní. "Ọmọkùnrin náà wù wá, a ò rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀. Àìsàn yìí nìkan là ń bẹ̀rù. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé ó lè pẹ́ láyé?"

Morádéyọ̀ mọ̀ pé gbólóhùn kan ló kù. Ó lè sọ pé ara ọmọ náà ti yá. Irọ́ ni ìyẹn náà ì bá jẹ́, ṣùgbọ́n irọ́ tí ì bá tú Àkíbù sílẹ̀ ni. Ó rò ó, ó sì rí i pé wọn yóò ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó mú ọjọ́, pé dókítà yóò sì sọ fún wọn pé nǹkan kan ò ṣe ọkàn náà rí. Gbogbo Ìbàdàn yóò gbọ́. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ìyá Qúdrát, ká ní ọmọ tèmi ni, mi ò ní fi fún un."

Mutmainnah dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rán Qúdrát lọ sí Ìlọrin lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Àkíbù wá sí Kúdẹtì lọ́jọ́ tí Qúdrát lọ, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní, "Wọ́n jàre, Màmá. Ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ fún òkú?"

"Mo fọwọ́ gbá ọ lẹ́yìn nígbà yẹn," Morádéyọ̀ wí fún un ní pálọ̀. "Mo ní kí o fi sùúrù sí i. Ọwọ́ yìí ni mo fi gbá ọ."

Bóyá ì bá dákẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi gbé e mì. Ohun tó la ẹnu rẹ̀ ni àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn. Láti ìgbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, Àkíbù ló ń bá a lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Àìkú náà, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè bàjẹ́, kò sì sí kẹ̀kẹ́ aláìsàn tó lè gun àtẹ̀gùn. Àkíbù kúnlẹ̀, ó kẹ́yìn sí i.

"Ẹ wá, kí n pọ̀n yín, Màmá."

"Àkíbù, ọkàn rẹ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n pọ̀n yín. Wọn ò ní dúró dè wá lókè."

Ó gbé e. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yí, ó dúró, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀. Bí mo bá rí i pé mò ń ṣubú, màá yára jókòó. Kí ẹ̀yin sáà di irin ẹ̀gbẹ́ yẹn mú, kí ẹ má bàa bá mi lọ." Etí Morádéyọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, láàárín èjìká méjèèjì. Ó gbọ́ ọkàn náà. Ó ń lù kì, kì, kì, ó ṣe déédéé, ó mọ́, kò kánjú. Ó ti fi etí sí àyà àìmọye èèyàn nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbọ́ èyí tó dùn ún gbọ́ tó báyẹn rí. Ọmọ tó gbé e pọ̀n gbà pé òun lè kú lórí àtẹ̀gùn náà, síbẹ̀ ó tún gbé ẹsẹ̀, ó ń gùn ún lọ.

"Kò sí nǹkan tó ṣe ọkàn rẹ, Àkíbù," ó wí ní pálọ̀. "Kò sí nǹkan tó ṣe é rí. Ó tán."

Ohùn Kúbúrá ló kọ́kọ́ jáde, kò sì pariwo. Ó ní, "Mo máa ń jí lọ síbi tó ń sùn, màá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí imú rẹ̀ bóyá ó ń mí. Ọdún mẹ́ta. Nígbà mìíràn màá jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́." Ó fa ìborùn rẹ̀ bo orí, ó sì yí ojú sí ògiri. Kóòṣì Gbénga ń sunkún bí ọmọdé.

Àkíbù dìde. Ó dúró sí àárín pálọ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. "Ẹ sọ fún mi nígbà yẹn pé ó ń ṣe mí," ó ní. "Ẹ sọ fún mi lónìí pé kò ṣe mí. Màmá, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́?"

Àkíbù jáde, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ kejì, Kóòṣì Gbénga fi owó ara rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wọ́n. Dókítà obìnrin ló wò ó níbẹ̀. Ó ní kò sí ohun tó ṣe é, ó béèrè ẹni tó sọ pé ó ní àìsàn ọkàn, Àkíbù sì ní kò sẹ́nì kan. Morádéyọ̀ fúnra rẹ̀ ló pe Daniel lórí fóònù. Ó sọ ohun gbogbo fún un. Lẹ́yìn náà Daniel pe Àkíbù, ohun tí Kóòṣì tó wà níbẹ̀ sì gbọ́ lẹ́nu Àkíbù kò ju gbólóhùn kan lọ: "Mo mọ̀ pé o ò mọ̀, Daniel. Má sunkún, gbọ́."

Ibi kan ṣì kù tí Morádéyọ̀ gbọ́dọ̀ dé. Ó bẹ Kóòṣì kó fi mọ́tò gbé e lọ bá Mutmainnah. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wọ bàtà mọ́, ẹsẹ̀ lásán ló fi wọlé. Ó sọ ọ́ níwájú rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ ní Kúdẹtì, kò yọ nǹkan kan kúrò. Mutmainnah gbọ́ ọ tán. Ó wọ yàrá lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú omi tútù nínú ife.

"Ẹ mu omi," ó ní. "Lẹ́yìn náà, ẹ máa lọ. N ó pe ọmọ mi ní Ìlọrin. Mi ò mọ ohun tí yóò sọ."

Àkíbù ò yọjú sí Kúdẹtì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kóòṣì ló ń gbé Morádéyọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sì bá a sọ̀rọ̀ lọ títí. Morádéyọ̀ ò bínú. Ó mọ̀ pé ohun tó gbìn nìyẹn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbọ́ sálámà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì mọ ohùn náà kó tó rí ojú. Àkíbù wọlé, orúnkún rẹ̀ bó, erùpẹ̀ wà lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́?" nọ́ọ̀sì tó wà nínú Morádéyọ̀ ló béèrè.

"Mo sáré," ó ní. Ó jókòó. "Mo sáré sọ̀kalẹ̀ láti Màpó. Ẹsẹ̀ ti gbàgbé. Mo ṣubú ní iwájú àwọn tó ń ta aṣọ, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Ẹ̀rín fẹ́ gba ojú rẹ̀ kọjá, ó padà. "Mo dìde, mo tún sáré. Kóòṣì ní kí n máa bọ̀ ní ọjọ́ Ajé, pé ti òkè òkun lè má ṣeé ṣe mọ́ ní ọjọ́ orí mi, ṣùgbọ́n kí n ṣáà máa bọ̀."

"Qúdrát ńkọ́?"

"Ó pè mí. A ò tíì mọ ohun tí a ó sọ. A kàn ń gbọ́ ohùn ara wa."

Morádéyọ̀ gbìyànjú láti kúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbà fún un, ó fi ara ti àga, ó tẹ orí ba. "Àkíbù, ọmọ mi, mi ò ní ohun tí mo lè fi san án. Ọdún tí mo jẹ ò ṣeé pọ̀ sílẹ̀. Mò ń bẹ̀ ọ́ nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ, mo sì tún ṣe é, àwọn méjèèjì sì jẹ́ òótọ́. Bí o bá bímọ lọ́jọ́ iwájú, tí nǹkan bá le nílùú débi pé ẹnì kan péré ló lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá, sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró níta pẹ̀lú ẹnìkejì wọn. Òtútù ibẹ̀ sàn ju ibi tí mo ti jókòó yìí lọ. Dárí jì mí."

Àkíbù gbá a mú ní apá méjèèjì, ó gbé e padà sórí àga, ó sì tún ìró rẹ̀ ṣe bo ẹsẹ̀ tó wú náà. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń wo ojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àìkú yẹn.

"Mi ò tíì dárí jì yín, Màmá," ó ní. "Mò ń gbìyànjú. Ó ku díẹ̀ kí n débẹ̀, nígbà mìíràn mo tún máa ń padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́bọ̀, èmi ni mo ń bọ̀ wá gbé yín lọ fọ ẹ̀jẹ̀, mo ti sọ fún Kóòṣì." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kú. Ẹ dúró dè mí."